Òru mẹ́rin l'Ádó-Àwáyé pẹ̀lú pákó méjì àti bóòtù kan

Ọjọ́ Ajé, 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi dé gáréèjì Mọ́níyà. Ẹrù mi kò pọ̀: báàgì kámẹ́rà, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé, àti àpò ìrẹsì kan tí mo di pákó méjì sí. Awakọ̀ tẹ àpò náà wò, irin kàn án lọ́wọ́, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú u ká rí i. Ojú ọ̀nà la wà yìí o." Ó tọ́ kó bèèrè. Mo tú u. Pákó pẹlẹbẹ méjì ni, hínjì ilẹ̀kùn so wọ́n pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ìwé. Bóòtù gígùn kan gba inú pákó ìsàlẹ̀ kọjá, ó ń ti tòkè sókè. Páálí róbótó kan wà ní ìdí bóòtù náà tí mo fi báírò pín sí ọ̀nà méjìlá bí ojú aago.

"Kí lẹ fi ń ṣe?"

"Mo fi ń ya fọ́tò ìràwọ̀ ni."

Ó wò mí díẹ̀, ó ní kí n wá jókòó níwájú kí n ṣàlàyé fún òun. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn títí a fi wọ Ìséyìn.

Fọ́tò ìnáwó niṣẹ́ mi n'Íbàdàn: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, òkú àgbà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta lọjà wa máa ń yá, àárín ọ̀sẹ̀ wá jẹ́ tèmi. Canon 1100D tí mo gbé dání yìí, tòkunbọ̀ ni. Ó ti fẹ̀yìn tì nídìí ìnáwó torí pé megapixel 12 péré ló ní, àwọn oníbàárà sì ń fẹ́ fọ́tò tí wọ́n lè fi bo ògiri. Fún ìràwọ̀, 12 tó, ó tún ṣẹ́kù.

Ìràwọ̀ kò ní ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ lajú sílẹ̀ pẹ́ kó tó rí i gbà. Bẹ́ẹ̀ ilé ayé tí a gbé kámẹ́rà lé kò dúró. Wákàtí 23, ìṣẹ́jú 56 àti ìṣẹ́jú-àáyá 4 ló fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú lẹ́ńsì 50 mm mi, kí n tó ka ení, èjì tán, ìràwọ̀ ti sún kúrò lójú tó wà. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìràwọ̀ á di ìlà. Àwọn tó lówó ń ra ẹ̀rọ oníná tó ń yí kámẹ́rà tẹ̀ lé ọ̀run, owó ẹ̀rọ náà sì ju owó kámẹ́rà mi lọ fíìfíì. Ọgbọ́n pákó méjì yìí, ará Scotland kan tó ń jẹ́ G. Y. Haig ló gbé e jáde ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ìṣirò rẹ̀ kò sì le. Bóòtù M6, èyí tí sípánà 10 ń tú, máa ń sún mìlímítà kan géérégé bí a bá yí i lẹ́ẹ̀kan. Bí ihò rẹ̀ bá jìnnà sí hínjì ní mìlímítà 228.6, tí a ń yí i lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan, pákó òkè yóò máa ṣí ní ìwọ̀n tí ayé fi ń yí gan-an. Káfíńtà mi kọ́kọ́ fẹ́ lu ihò náà sí 230. Ó ní kí ni mìlímítà kan àti díẹ̀ lè bà jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì fi sùúrù fi fáìlì há a títí tó fi bọ́ síbi tó yẹ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo gbé lọ yìí.

Láti Ìséyìn mo gun ọ̀kadà dé Adó-Àwáyé, nǹkan bí 20 kìlómítà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Bàbá Adó, ti jókòó síta de mí. "Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ kú ìrìn." Lẹ́yìn oúnjẹ, kó tó di pé mo bá ìràwọ̀ kankan sọ̀rọ̀, òun àti èmi gbé obì lọ sọ́dọ̀ olórí ọdẹ àdúgbò, a sọ ibi tí a ó wà fún un, a sọ àkókò, a sì fi kámẹ́rà hàn án. Ọkùnrin tó ń tan iná pupa káàkiri inú oko láàárín òru, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, ó ń wá wàhálà fún ara rẹ̀ àti fún àwọn tó ń ṣọ́ ìlú. Olórí ọdẹ ní òun á máa ránṣẹ́ wá wò wá.

Mo sùn ní aago mẹ́sàn-án.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ọyẹ́ ń fẹ́. Ewé ẹ̀gẹ́ ti funfun, oòrùn aago mẹ́jọ ṣe é tẹjú mọ́ bí òṣùpá. Púpọ̀ nínú eruku yìí, láti Bodélé nílẹ̀ Chad ni atẹ́gùn ti ń gbé e bọ̀, ibi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Ìsàlẹ̀ ọ̀run ló sì ń bò jù. Àtàrí lè mọ́ kedere, kí ìràwọ̀ tó súnmọ́ ilẹ̀ máà hàn rárá.

Èyí bá mi nínú jẹ́ nítorí Polaris, ìràwọ̀ àríwá, tí gbogbo ọ̀run ń yí po lọ́dọ̀ rẹ̀. Hínjì pákó mi gbọ́dọ̀ tọ́ka sí i gan-an. Gbogbo ìlànà tí mo kà lórí pákó méjì yìí, ibi tí Polaris ti ga ni àwọn tó kọ ọ́ ń gbé. Ní London ó ga ní dígíríì 51. Ní Adó-Àwáyé kò pé 8, nítorí pé a súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Bí ènìyàn bá na apá síwájú kó di ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ojú ilẹ̀, ìràwọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fara pamọ́ sẹ́yìn ẹ̀ṣẹ́ yẹn. Mo ti lẹ ọ̀pá báírò tó ṣófo mọ́ ẹ̀gbẹ́ hínjì, kí n lè máa fi ojú kan yọjú gba inú rẹ̀. Mo yọjú lónìí, eruku ni mo rí. Mo wá fi kọ́ńpáàsì inú fóònù wá àríwá, mo fi áàpù tó ń wọn ìdagun gbé hínjì sókè ní dígíríì 8.

Ibi tí a lò ni àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ Bàbá. Àpáta dára, ẹsẹ̀ irin kì í rì lórí rẹ̀ bíi ti ilẹ̀ oko. Àbíkẹ́yìn Bàbá, àbúrò mi tó ń dúró de èsì ìdánwò, ló bá mi gbé ẹrù. Bàbá fúnra rẹ̀ gbé àpótí ìjókòó tẹ̀ lé wa. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni, Àgùàlà ti ń tàn ní ìwọ̀-oòrùn bí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́nà jíjìn.

Bàbá nawọ́ sí i. "Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Lónìí ṣáà, ó dá rìn. Bí oṣù bá lé, wàá rí wọn pọ̀ níparí ọ̀sẹ̀."

Àbúrò mi ní, "Bọ̀dá, Venus kọ́ nìyẹn?" Mo ní òun ni, pé ayé bíi tiwa ni, oòrùn ló ń ràn lé e lórí. Mo fi Jupiter hàn án nítòsí àtàrí, mo fi Mars tó pọ́n hàn án ní ìlà-oòrùn. Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó mi orí, ó ní àwọn ọdẹ kò nílò kí Àgùàlà jẹ́ ayé kí wọ́n tó mọ ọ̀nà ilé.

Ìgbà tó di aago mẹ́wàá mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti gúúsù, níbi tí ìràwọ̀ Canopus wà, torí pé àwọn ará àríwá òkè kì í rí i. Mo yí gbogbo ẹ̀rọ kọjú sí gúúsù, mo gbé hínjì sí ọwọ́ òsì mi bí àwòrán ìlànà ṣe wí, mo wọn dígíríì 8, mo ṣí kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú kan. Àbúrò mi ń wo aago ọwọ́, ó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún márùn-ún, mo ń yí páálí ní ìlà kan fún márùn-ún kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ wa bára mu. Fọ́tò jáde: gbogbo ìràwọ̀ ti di ìlà gígùn.

Mo rò pé atẹ́gùn ni. A fi aṣọ dí i, ìlà kò yí padà. Mo rò pé ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. A pààrọ̀, ó ń yí, mo ń kà, síbẹ̀ ìlà ni. Mo so òkúta rọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ irin kó má baà mì. Ìlà. Aago méjìlá kọjá. Nígbà tó ṣe mo ní ká má yí i rárá, ká kàn ṣí kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú kan náà ká wo bó ṣe máa rí. Ìlà tó jáde ṣe ìdajì ti tẹ́lẹ̀.

Mo jókòó sórí àpáta. Ẹ̀rọ tí mo fi oṣù méjì ṣe ń sọ ìràwọ̀ di ìlà ní ìlọ́po méjì. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n òdìkejì ọ̀run ló ń yí sí, mi ò sì mọ ìdí. A kó ẹrù, a lọ sílé. Mi ò lè sùn.

Ọjọ́rú, 29 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Ilẹ̀kùn yàrá tí mo sùn ló là mí lójú. Mo wà lórí ibùsùn, mo ń wò ó: hínjì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Mo jáde lọ fọjú, mo ń padà bọ̀, hínjì kan náà ti wà lọ́wọ́ òsì mi. Ilẹ̀kùn ò kúrò níbi tó wà, èmi ni mo yí.

Àwòrán ìlànà sọ pé ọwọ́ òsì, ṣùgbọ́n ẹni tó yà á kọjú sí àríwá, níbi tí Polaris rẹ̀ wà. Òsì ẹni tó kọjú sí àríwá, ìwọ̀-oòrùn ni. Èmi kọjú sí gúúsù, òsì mi di ìlà-oòrùn, pákó wá ń ṣí padà sẹ́yìn. Yàtọ̀ sí èyí, bí mo ṣe gbé hínjì sókè ní dígíríì 8 sí apá gúúsù náà kò tọ́, nítorí pé ní gúúsù, ibi tí ọ̀run ń yí po sí wà lábẹ́ ilẹ̀ fún àwa. Mo fi mákà kọ ọ́ gàdàgbà sára pákó: HÍNJÌ, ÌWỌ̀-OÒRÙN. Kámẹ́rà lè kọjú síbi tó bá wù ú lórí rẹ̀. Pákó kò gbọdọ̀ kúrò lójú kan.

Inú mi dùn débi pé mo bá wọn gé ẹ̀gẹ́ títí di ọ̀sán.

Òru yìí ni òṣùpá kò sí lójú ọ̀run rárá. A dé orí àpáta ní aago mẹ́jọ. Mo fi páálí Indomie tí mo gé ní ìlà ìlà bo ojú lẹ́ńsì, mo yí kámẹ́rà sí Sirius, ìràwọ̀ tó tàn jù lóru. Bí fókọ́ọ̀sì bá pé, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ á tú sí ìtànṣán mẹ́ta, èyí àárín á sì wà láàárín méjì yòókù gan-an. Ọgbọ́n Pavel Bahtinov, ará Rọ́ṣíà, ni. Owó tó ná mi kò ju owó Indomie tí a ti jẹ lọ.

Lẹ́yìn náà Orion, àkójọ ìràwọ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí wa. Lẹ́ńsì 50 mm, ihò rẹ̀ ní f/2.8, ISO 1600 (ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí), ìṣẹ́jú kan. Nǹkan tí mo fi ń ṣí kámẹ́rà láìfọwọ́ kàn án, bọ́tìnì agogo ẹnu ọ̀nà ni, tí mo so wáyà rẹ̀ mọ́ etí ìgbọ́rọ̀ kékeré tó wọ ihò ẹ̀gbẹ́ kámẹ́rà. Àbúrò mi ń ka, mo ń yí. Fọ́tò kìíní hàn. Mo fi í tóbi sí i lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Róbótó ni wọ́n. Gbogbo wọn róbótó.

Àbúrò mi kígbe débi pé ọdẹ tó ń rìn nísàlẹ̀ tan iná sí wa. Ó gòkè wá, a fi hàn án. Ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wà níbẹ̀, lábẹ́ wọn sì ni nǹkan kan tó pupa díẹ̀ bí ẹ̀yinná inú eérú. Mo ní kó wo ibẹ̀ lójú ọ̀run fúnra rẹ̀, kó má tẹjú mọ́ ọn tààrà, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rí i. Ìkùukùu ni, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ tuntun lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, nǹkan bí 1,300 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa, ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn fún 1,300 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdẹ náà ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń rí i, pé òun rò pé ojú òun ló ń ṣe bàìbàì níbẹ̀ ni.

Fọ́tò 40 la yà. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú mo máa ń dá bóòtù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, torí pé bóòtù tó lọ tààrà kò lè bá yíyípo rìn jìnnà. Àṣìṣe rẹ̀ kéré níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i bí pákó ṣe ń ṣí. Mo tún fi ìdérí bo lẹ́ńsì, mo ya 20 sínú òkùnkùn, kí n lè rí àbààwọ́n tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń mú wá, kí n sì yọ ọ́ kúrò nílé. Ìyá ti fi iṣu sísun àti epo ránṣẹ́. A jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ dídì.

Ní aago mẹ́ta òru, gúúsù. Carina, àkójọ ìràwọ̀ apá gúúsù, dúró lókè oko, ó fi díẹ̀ ju dígíríì 20 lọ. Èéfín iná igbó ń kọjá níwájú rẹ̀, kò jẹ́ kí n rí ju fọ́tò mọ́kànlá tó dára lọ, ṣùgbọ́n ìkùukùu ibẹ̀ tàn débi pé fọ́tò kan ṣoṣo ti gbé àwọ̀ rẹ̀ jáde. Ìràwọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Eta Carinae. Ní 1843 ó bú gbàmù, ó tàn títí ó fi di ìkejì Sirius ní gbogbo ọ̀run, kó tó rọ̀ padà. Ọ̀yọ́ tuntun tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó kò tíì pẹ́ nígbà náà. Mo ń ronú rẹ̀ bí mo ṣe ń yí bóòtù: ẹni tó bá jáde síta lóru nílẹ̀ yìí lọ́dún náà, tó wo apá gúúsù, ó ti rí i.

Ọjọ́bọ̀, 30 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Mo sùn di aago mẹ́wàá. Lọ́sàn-án Bàbá ní kì í ṣe ohun tó bójú mu kí n wá sí Adó kí n má gun òkè. Ọmọkùnrin kan tó mọ ọ̀nà ló mú wa lọ. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ pọ̀, èémí mi fẹ́ tán kí n tó dé ìdajì. Lókè, adágún Ìyàkẹ jókòó sínú àpáta ní jẹ́jẹ́, omi lórí òkè tó ga tó bẹ́ẹ̀, nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Òkúta Ìṣàgẹ̀ náà dúró gbọn-in. Wọ́n ní orí òkè yìí ni àwọn baba ńlá wọn sá sí nígbà ogun, mo sì rí ìdí rẹ̀: láti ibẹ̀ ojú ń tó gbogbo ọ̀nà tí ọ̀tá lè gbà wọlé. Mo wo apá àríwá pẹ́. Kò sí ilé gíga, kò sí òpó iná ńlá kan. Ó wù mí kí n gbé pákó mi wá síbẹ̀, ṣùgbọ́n sísọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn nínú òkùnkùn pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn kò bọ́gbọ́n mu. A ti délẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ atẹ́gùn yí padà. Ó rọ̀, ó ní ìrì díẹ̀ nínú, ó ń ti apá òkun bọ̀. Bàbá gbóòórùn rẹ̀, ó ní eruku á jókòó lóru òní.

A sùn, a jí ní aago mẹ́ta. Nígbà tí a dé orí àpáta mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọ̀run ti sọ̀ kalẹ̀ dé etí oko. Ìràwọ̀ méje tí wọ́n ń pè ní Big Dipper wà ní apá àríwá, ó dojú dé bí ìkòkò tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n dà délẹ̀. Àwọn ìràwọ̀ méjì ìpẹ̀kun rẹ̀ ló máa ń tọ́ka sí Polaris. Fún àwọn tó wà lókè àríwá, wọ́n lè tọ́ka sókè, wọ́n lè tọ́ka sẹ́gbẹ̀ẹ́. Níhìn-ín, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ka sí. Mo tẹ̀ lé wọn díẹ̀díẹ̀, mo ń bọ̀ nílẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí igi ìgbá, níbẹ̀ ni mo ti rí ìràwọ̀ kan tó dá wà, kò tàn púpọ̀, kò ṣẹ́jú.

Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni mí. Mi ò rí Polaris rí títí di òru yìí.

Mo kúnlẹ̀, mo yọjú sínú ọ̀pá báírò. Kò sí níbẹ̀. Ó wà lápá ọ̀tún, ó tó ìbú ìka méjì tí mo bá na apá. Àṣé kọ́ńpáàsì fóònù ti ń ṣì mí lọ́nà: gbogbo ìgbà tí mo ń gbé fóònù lé pákó láti wá àríwá, irin hínjì àti bóòtù ń fa abẹ́rẹ́ rẹ̀. Abájọ tí ìràwọ̀ Orion àná fi gùn díẹ̀ bí ẹyin nígbà tí mo tún wò wọ́n lójú oòrùn. Mo sún ẹsẹ̀ irin, mo tún yọjú, mo tún sún un, títí Polaris fi jókòó sáàárín ọ̀pá báírò.

Mo wá yọ 50 mm, mo fi 135 mm sí i, lẹ́ńsì àtijọ́ ayé fíìmù tí mo rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ẹrù jánkárà. Kò ní fókọ́ọ̀sì alára-ẹni, kò sì wúlò fún ìnáwó, ṣùgbọ́n gíláàsì rẹ̀ dára. Pẹ̀lú lẹ́ńsì tó gùn báyìí, pákó tí kò bá tọ́ka síbi tó yẹ kò ní lè fi ara pamọ́. Ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n, mo yí i sí Omega Centauri.

Ojú lásán lè rí i bí ìràwọ̀ kan tí èéfín bò. Kì í ṣe ìràwọ̀ kan. Ìdìpọ̀ ìràwọ̀ mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́wàá ni, wọ́n ṣùrù jọ bí oyin ṣe ń ṣù mọ́ ẹ̀ka igi, nǹkan bí 17,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Nínú fọ́tò kìíní, àárín rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ sì ti ń já sí hóró hóró. Ìràwọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ róbótó. A ya 24.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó di aago márùn-ún mo ní kí àbúrò mi fi fóònù sílẹ̀ kó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Agbélébùú Gúúsù, àwọn ìràwọ̀ tó tò bí àgbélébùú, dúró ṣánṣán lókè oko ní iwájú wa. Mo ní kó yíjú sẹ́yìn: Big Dipper àti Polaris. Ará London kò lè rí Agbélébùú yẹn nílé rẹ̀ láé. Ará Johannesburg kò lè rí Polaris. Ìwọ lo dúró lẹ́yìn oko bàbá rẹ, o rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láìgbẹ́sẹ̀. Ó yíjú síwájú, ó yíjú sẹ́yìn, ó ṣe é bíi mẹ́rin. "Bọ̀dá, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa?"

Ọjọ́ Ẹtì, 31 oṣù Ṣẹ́rẹ́

Kí n tó kúrò, mo yá bùbá funfun Bàbá, mo nà án bo lẹ́ńsì, mo ya ojú ọ̀run àárọ̀ nígbà ogún. Fọ́tò funfun yìí ló máa fi ibi tí lẹ́ńsì ti ṣókùnkùn létí àti ibi tí eruku ti lẹ̀ mọ́ inú kámẹ́rà hàn, kí n lè tún un ṣe. Ìyá di iṣu mẹ́ta fún mi. Àbúrò mi fi ìwé ìròyìn wé ọ̀pá báírò kó má baà ṣẹ́.

N'Íbàdàn kò síná. Mo fi jẹnẹrétọ̀ tan kọ̀ǹpútà, mo kó gbogbo fọ́tò sínú Siril, áàpù kọ̀ǹpútà tó ń to fọ́tò ìràwọ̀ pọ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ó wo ìràwọ̀ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n lé ara wọn, ó sì pín wọn dọ́gba. Ìràwọ̀ máa ń wà lójú kan nínú gbogbo fọ́tò, ṣùgbọ́n wóńwóń, àmì wínníwínní tí ISO gíga ń mú wá, ń yí ipò padà, nítorí náà wóńwóń ń parẹ́ bí fọ́tò ṣe ń pọ̀ sí i. Mo sọ mẹ́rin nù nínú 40 ti Orion. Pẹ̀lú 36 tó kù, wóńwóń náà dín sí ìdá kan nínú mẹ́fà. Ìyẹ́ ìkùukùu náà ṣí jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, mo rí àwọ̀ àlùkò nínú rẹ̀. Òbìrìkìtì pupa ńlá tó yí Orion ká kò jáde, torí pé gíláàsì tí ilé iṣẹ́ fi bo sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà ń dí púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa tí gáàsì háídírójìn ń tàn, ní nánómítà 656. Àwọn kan máa ń yọ gíláàsì náà. Ọwọ́ mi kò tíì gbà á.

Omega Centauri ni mo fi ránṣẹ́ sí Adó. Bàbá pè mí padà fúnra rẹ̀. "Ṣé èyí tó rí bí èéfín lókè ni gbogbo eléyìí?" Mo ní òun ni. Ó dákẹ́ pẹ́ lórí fóònù, owó mi sì ń lọ, mi ò ní kó tètè sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 oṣù Èrèlè

Ìgbéyàwó, láti aago méje àárọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ọrùn ń dùn mí.

Ní aago méje ààbọ̀ alẹ́ mo jáde sí ibi ìgbọ́kọ̀sí láti gba afẹ́fẹ́. Oṣù tuntun wà ní ìwọ̀-oòrùn, ó tẹ́ sílẹ̀ bí igbá, ìyókù ara rẹ̀ sì ń hàn féréfé nínú ìmọ́lẹ̀ tí ayé wa ń tàn padà sí i. Lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, kò ju ìbú ìka kan tàbí méjì lọ, Àgùàlà. 1100D àti 135 mm wà nínú búùtù. Mo gbé e lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta láìsí pákó, ìṣẹ́jú-àáyá kan, ISO 400. Àwọn onílù ti kó ìlù wọn síta, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wá bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó wo òkè, ó tún wo kámẹ́rà.

Ó ní, "Ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà rẹ̀ fún mi.